Ọjà Ṣíà: Ṣé Oríire Ni, Àbí Ọgbọ́n?



Bí èèyàn bá dúró díẹ̀ lẹ́yìn ìrun ìṣáì ní Ìlúà lóde òní, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣu, àgbàdo àti kajú nìkan ni yóò gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Fóònù wà lọ́wọ́ wọn. Ẹnì kan á ní ṣíà tí òun rà ti gbówó lórí. Ẹlòmíì á ní owó ilẹ̀ òkèèrè lòun ń rà tí òun ń tà. Ẹlòmíì kò ní sọ̀rọ̀ rárá, torí pé owó tiẹ̀ bá CBEX lọ ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Bákan náà ló rí ní Òkèhò, Ìsẹ́yìn àti Ṣakí. Àwọn òbí ń wò wọ́n, ìbéèrè kan náà ló sì wà lọ́kàn wọn: ṣé ọgbọ́n ni ọmọ yìí fi ń wá owó, àbí tẹ́tẹ́ ló ń ta?

Ìbéèrè náà kì í ṣe kékeré, torí pé owó tí wọ́n fi ń ṣe é kì í sábà jẹ́ owó tó ṣẹ́kù sílẹ̀. Owó kajú ni, owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni, owó ilé-ìwé ọmọ ni. Nígbà mìíràn, owó Hájì ni. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ipa tí oríire ń kó nínú ọjà ṣíà pọ̀ ju bí àwọn tó ń jèrè ṣe máa ń gbà lọ, àti pé ọkàn ẹni fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń sọ àdánù kékeré di ńlá. Ẹni tó bá mọ méjèèjì lè wọ ọjà náà, kó sì jáde, láìba ilé àti ìgbàgbọ́ rẹ̀ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí sì bọ́ sí àsìkò. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, pàṣẹ pé kí àwọn báǹkì fi kún ojú owó wọn: ₦500 bílíọ̀nù fún báǹkì tó ń ṣiṣẹ́ dé òkè òkun, ₦200 bílíọ̀nù fún èyí tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri Nàìjíríà. Gbèdéke tí wọ́n fún wọn ni 31 oṣù kẹta ọdún 2026. Lẹ́yìn tí àṣẹ náà jáde, ọ̀pọ̀ báǹkì polówó ṣíà tuntun fún aráàlú. Àwọn tó dàgbà lára wa mọ̀ pé a ti rí irú rẹ̀ rí.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LỌ́DÚN 2008

Lọ́dún 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Chukwuma Soludo tó jẹ́ gómìnà CBN nígbà náà pàṣẹ pé ojú owó báǹkì kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín ní ₦25 bílíọ̀nù. Nígbà tí ọdún 2005 fi máa parí, báǹkì 89 ti di 25. Láti rí owó náà, wọ́n ta ṣíà fún tolórí tẹlẹ́mù: olùkọ́, nọ́ọ̀sì, awakọ̀, ìyá ọlọ́jà.

Òǹkà kan wà tí wọ́n fi ń mọ bí iye gbogbo ṣíà tó wà lọ́jà Èkó ṣe ń lọ sókè sódò. Nígbà tí ọdún 2005 parí, òǹkà náà wà ní nǹkan bí 24,000. Ní 5 oṣù kẹta ọdún 2008, ó dé 66,371. Ẹni tó fi ₦100,000 sílẹ̀ ní ìparí 2005, tí ṣíà rẹ̀ sì bá ọjà rìn, á ti ní nǹkan bí ₦275,000. Ìgbà náà ni gbogbo èèyàn di ọlọ́gbọ́n.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, òǹkà ọ̀hún ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,000. Ẹni tó ra ṣíà ₦100,000 nígbà tí ọjà wà lókè téńté kò ní ju nǹkan bí ₦30,000 lọ mọ́.

Ohun tó fà á pọ̀. Àwọn báǹkì ti yá àwọn èèyàn àti àwọn alágbàtà lówó láti fi ra ṣíà, títí kan ṣíà báǹkì tó yá wọn lówó gan-an. Nígbà tí iye bẹ̀rẹ̀ sí í já, àwọn tó jẹ gbèsè ní láti tà kí wọ́n lè san án, títà wọn sì tún ń já iye náà sí i. Lásìkò kan náà, ọrọ̀ ajé dàrú ní Amẹ́ríkà, àwọn olówó òkèèrè kó owó wọn kúrò, epo rọ̀bì tó ju $140 lọ ní àárín ọdún 2008 sì wálẹ̀ sí abẹ́ $40 kí ọdún náà tó parí. Ní oṣù kẹjọ, àwọn aláṣẹ ọjà ní iye ṣíà kò gbọdọ̀ já ju 1% lọ lóòjọ́. Àṣẹ náà kò gba ẹnikẹ́ni là, torí pé ẹni tó fẹ́ tà kò rí ẹni tó máa rà.

Ní 14 oṣù kẹjọ ọdún 2009, Sanusi Lamido Sanusi tó gba ipò lọ́wọ́ Soludo yọ ọ̀gá báǹkì márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, ìjọba gba Afribank, Bank PHB àti Spring Bank. Ṣíà àwọn tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ di bébà lásán. Ọ̀pọ̀ irú bébà bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú àpótí àwọn ìyá wa títí dòní.

Ẹ wá jẹ́ ká fi èèyàn méjì ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀kan ta ṣíà rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2008 torí pé ó fẹ́ san owó Hájì. Èkejì ra tiẹ̀ ní oṣù kẹta, lẹ́yìn tó ti yẹ ìwé ìṣirò báǹkì náà wò dáadáa. Ládùúgbò, wọ́n á pe ẹni àkọ́kọ́ ní ọlọ́gbọ́n, wọ́n á sì pe èkejì ní ọ̀kánjúwà. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó tà kò mọ̀ pé ọjà máa já, owó ló nílò. Ẹni tó rà ló tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìwádìí. Ọjọ́ tí kálukú wọ ọjà ló yà wọ́n sọ́tọ̀, kì í ṣe làákàyè.

Àwọn kan á ní ẹni tó mú sùúrù ti jèrè, torí pé òǹkà náà kọjá ti 2008 lọ́dún 2023, ó sì kọjá 100,000 ní oṣù kìíní ọdún 2024. Òótọ́ ni, àwọn iléeṣẹ́ tó dára sì ń pín èrè lọ́dọọdún láàárín àsìkò náà. Ṣùgbọ́n ọdún 15 kì í ṣe ọjọ́ kan. Dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bí ₦117 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008 ti di nǹkan bí ₦900 nígbà tí ọdún 2023 parí. Iye náírà padà bọ̀, ohun tí náírà lè rà kò bá a bọ̀. Ní ti ẹni tí ṣíà rẹ̀ wà nínú báǹkì mẹ́ta yẹn, kò sí nǹkan tí sùúrù rẹ̀ ń dúró dè.

ÀGBẸ̀ ÀTI ÒJÒ ÀKỌ́RỌ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àgbẹ̀ Òkè-Ògùn. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, àwọn kan á gbé gbogbo irúgbìn àgbàdo wọn lọ sóko. Lọ́dún tí òjò náà kò bá dá, wọ́n á kórè ṣáájú gbogbo ìlú, wọ́n á tà á lọ́wọ̀n-ọ́n, wọ́n á sì máa gba àwọn ẹlòmíì nímọ̀ràn. Lọ́dún tí òjò bá dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, irúgbìn á kú sínú ilẹ̀. Àgbẹ̀ kan náà ni, ọkọ́ kan náà ni, ilẹ̀ kan náà ni. Àgbẹ̀ tó ti pẹ́ lóko á gbin díẹ̀, á sì fi díẹ̀ pamọ́. Kì í ṣe pé ó mọ ọjọ́ tí òjò máa dá ju àwọn yòókù lọ. Ó mọ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n ni.

Ẹ tún wo ìṣirò yìí. Ká ní ọ̀dọ́ 1,024 péjọ, tí kálukú ń ju owó ẹyọ sókè lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, tí ẹni tí orí owó náà kò bá hàn fún á jáde. Lọ́jọ́ kìíní, nǹkan bí 512 á kù. Lọ́jọ́ kejì, nǹkan bí 256. Bó bá di ọjọ́ kẹwàá, ó lè ku ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni náà kò mọ ohunkóhun nípa owó ẹyọ tí àwọn yòókù kò mọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ lórí ọjà ṣíà ni, òun la máa máa rí lórí fóònù wa, tí á máa fi mọ́tò hàn, tí á sì ní ká wá sanwó kí òun kọ́ wa níṣẹ́. Àwọn 1,023 tó ti jáde kò ní ṣe fídíò.

Àwọn onímọ̀ ti wọn èyí wò. Ní Amẹ́ríkà, Brad Barber àti Terrance Odean yẹ àkọsílẹ̀ ìdílé 66,465 tó ń ra ṣíà láàárín ọdún 1991 sí 1996 wò. Ọjà fúnra rẹ̀ mú èrè 17.9% wá lọ́dún. Àwọn tó ń rà tí wọ́n ń tà lemọ́lemọ́ jù lọ rí 11.4%. Owó alágbàtà àti ìkánjú ló jẹ ìyókù. Nínú ìwádìí wọn mìíràn, àwọn ọkùnrin ń rà wọ́n ń tà ju àwọn obìnrin lọ ní 45%, èrè wọn sì ń dín kù jù ti obìnrin nítorí rẹ̀. Ní Brazil, àwọn onímọ̀ tọpasẹ̀ àwọn tó ń rà tó ń tà lọ́jọ́ kan náà. Nínú àwọn tó ṣe é ju ọjọ́ 300 lọ, 97% ló pàdánù owó.

OHUN TÍ ỌKÀN Ń FI ÈÈYÀN ṢE

Tí oríire bá pọ̀ tó báyìí, kí ló dé tí èèyàn kì í fi dáwọ́ dúró? Ìdáhùn wà nínú ọkàn.

Lọ́dún 1979, Daniel Kahneman àti Amos Tversky kọ̀wé lórí bí èèyàn ṣe ń ṣe ìpinnu nígbà tí kò mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Irú iṣẹ́ yìí ló mú kí Kahneman gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2002. Wọ́n rí i pé ìrora ₦1,000 tó sọnù máa ń pọ̀ ju ayọ̀ ₦1,000 tó wọlé lọ. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e ní ó tó nǹkan bí ìlọ́po méjì.

Ẹ wo bí èyí ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́jà wa. Oníṣòwò kan ra kajú ní ọ̀wọ́n, iye rẹ̀ wá já. Á ní, “Àfi tí mo bá rí owó mi padà ni màá tó tà á.” Kajú á máa bàjẹ́ nínú àpò, iye á sì máa já sí i. Ọjà kò mọ iye tó rà á, kò sì kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ní ṣíà ṣe ń ṣe: èyí tó lé díẹ̀, á sáré tà á kí ayọ̀ náà má baà bọ́, èyí tó ń rì, á dì í mú, torí pé bó bá tà á, ó ti gbà pé òun ṣàṣìṣe nìyẹn.

Ìlara náà tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ra ṣíà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2008 kò rà á torí pé wọ́n mọ iléeṣẹ́ náà. Wọ́n rà á torí pé aládùúgbò wọn ti fi tiẹ̀ kọ́lé. Bí iye bá ṣe ń ga ni ọkàn ń fà sí i, bẹ́ẹ̀ ìgbà tó ga jù ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Nínú ọjà gbogbo, nǹkan tó bá wọ́n la máa ń sá fún. Nínú ọjà ṣíà nìkan ni èèyàn ti ń sáré wọlé torí pé ó ti wọ́n.

CBEX KÌ Í ṢE ỌJÀ

Níbí ni ó ti yẹ ká ya ohun kan sọ́tọ̀. Ọjà ṣíà ní oríire nínú, ṣùgbọ́n ọjà gidi ni. Iléeṣẹ́ wà tó ń ṣe sìmẹ́ǹtì tàbí ìyẹ̀fun, èrè sì wà tí wọ́n ń pín. CBEX kò ní irú èyí. Wọ́n ní ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n kan ló ń bá èèyàn rà tó ń bá wọn tà, àti pé owó á di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí oṣù kan. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn èèyàn kò rí owó wọn gbà mọ́. Wọ́n tún ní kí wọ́n san $100 tàbí $200 sí i kí wọ́n tó lè gba ti tẹ́lẹ̀. Ní Ìbàdàn, àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì kan tó jẹ́ ti CBEX ní Òkè-Àdó, wọ́n kó ohun tí wọ́n bá níbẹ̀. Àjọ SEC tó ń mójú tó ìdókòwò ní CBEX kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. MMM ti ṣe irú rẹ̀ fún wa ní oṣù kejìlá ọdún 2016, pẹ̀lú ìlérí 30% lóṣù.

Ẹni tó san $100 kejì yẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Ìrora àdánù tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ló ń tì í, àwọn tó gbé ètò náà kalẹ̀ sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Òfin ìdókòwò tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2025 ti sọ irú ètò bẹ́ẹ̀ di ọ̀ràn tó lè gbé èèyàn lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kì í dá owó tó ti lọ padà.

IBI TÍ Ẹ̀SÌN WA DÚRÓ SÍ

Gbogbo wa mọ̀ pé Al-Kùránì ka tẹ́tẹ́ mọ́ ọtí nínú Sūratul-Māʾidah, ó sì fi hàn pé ó ń dá ọ̀tá sílẹ̀ láàárín ènìyàn, ó sì ń mú wọn gbàgbé ìrun. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn lóde òní gbà pé ríra ṣíà nínú iléeṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ haláàlì kì í ṣe tẹ́tẹ́, torí pé àjọṣe òwò ni: ẹ jọ jèrè, ẹ jọ pàdánù. Ṣùgbọ́n èèyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di ohun tó jọ tẹ́tẹ́. Ẹni tó rà ní àárọ̀ kó lè tà ní ìrọ̀lẹ́, tí kò mọ ohun tí iléeṣẹ́ náà ń ṣe, tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára fóònù títí ìrun lááṣárì fi kọjá, kí ló fi yàtọ̀ sí ẹni tó jókòó ti kàlòkàlò?

Ní ti ṣíà àwọn báǹkì tí wọ́n polówó yìí, kí á tó bèèrè bóyá yóò lé, ẹ jẹ́ ká bèèrè bóyá ó tọ́. Báǹkì tó ń fi èlé ṣòwò, èrè rẹ̀ kò mọ́ fún wa. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Jaiz Bank, tí kì í gba èlé, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2012, ṣíà rẹ̀ sì wọ ọjà Èkó lọ́dún 2017. Láti 2012 náà ni òǹkà Lotus Islamic ti wà lọ́jà ọ̀hún, tó ń ka àwọn iléeṣẹ́ tí wọ́n ti fi òfin Ṣẹ̀ríà sẹ́ jọ. Ìjọba àpapọ̀ sì ti ń ta súkúùkù láti ọdún 2017, nígbà tí wọ́n fi ti àkọ́kọ́ kó ₦100 bílíọ̀nù jọ láti ṣe ọ̀nà. Jíjẹ́ haláàlì kò ní kí ṣíà má já o. Ó kàn ń jẹ́ kí á lè tọrọ àlùbáríkà lórí rẹ̀ láìtijú ni.

Oríire wá ńkọ́? Lẹ́nu Mùsùlùmí, kádàrá ni, àrísìkí sì wà lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ẹni tó jèrè tó ní ìmọ̀ òun ló mú un wá, ọ̀rọ̀ Kọ́rúnù ló ń sọ, a sì mọ ibi tí ilẹ̀ gbé Kọ́rúnù àti ilé rẹ̀ mì sí nínú Sūratul-Qaṣaṣ. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sì kìlọ̀ fún àwọn tó ń sọ pé ìràwọ̀ ló rọ òjò fún wọn. Ṣùgbọ́n òun kan náà ló kọ́ ọkùnrin tó ní ràkúnmí pé kó so ó mọ́lẹ̀ kó tó gbára lé Ọlọ́hun. Ẹni tó pàdánù pẹ̀lú, Ànábì kìlọ̀ fún un kó má jókòó ti “ìbá ṣe pé mo ti ṣe báyìí ni,” torí ilẹ̀kùn tí èṣù ń gbà wọlé nìyẹn. Lọ́jà ṣíà, “ìbá ṣe pé” ló ń mú èèyàn padà lọ fi owó ilé-ìwé ọmọ lé owó tó ti sọnù.

KÍ NI ÌDÍLÉ LÈ ṢE?

A kò lè pàṣẹ fún oríire, ṣùgbọ́n a lè so ràkúnmí mọ́lẹ̀.

Ẹ má ṣe yá owó ra ṣíà. Gbèsè ló pa ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́dún 2008, torí pé onígbèsè kò lè dúró de ọjọ́ tó dára.

Owó tí ẹ máa nílò láàárín ọdún márùn-ún, bíi owó ilé-ìwé, owó ìgbìn àti owó Hájì, kó jìnnà sí ọjà náà. Èyí tó bá wọlé, ẹ pín in sí iléeṣẹ́ bíi mélòó kan, díẹ̀díẹ̀, bí àgbẹ̀ ṣe ń fi irúgbìn pamọ́ de òjò kejì.

Kí ẹ tó rà, ẹ kọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ rà á sínú ìwé, ẹ sì fi han ìyàwó tàbí ọkọ yín. Ìmọ̀ràn jẹ́ sunnah, istikhārah náà sì wà. Ohun tí èèyàn kò bá lè ṣàlàyé fún ará ilé rẹ̀, kó má fi owó sí i. Bí ìdí tí ẹ kọ sílẹ̀ kò bá sí mọ́, ẹ tà á, iye yòówù kí ẹ ti rà á.

Ẹ rí i dájú pé alágbàtà yín forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SEC. Ẹ máa yọ sàká rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ẹ jẹ́ kí àwọn àrólé yín mọ ohun tí ẹ ní àti ibi tó wà, kí ogún má baà ṣòfò.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ti pàdánù, ẹ má fi èébú lé e sínú òkùnkùn. Ọmọ tó ń bẹ̀rù láti sọ̀rọ̀ ló máa ń lọ san $100 kejì. Ẹ pè é jókòó, kẹ́ ẹ jọ ṣe ìṣirò ohun tó kù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń jèrè lọ́wọ́ báyìí, ẹ dúpẹ́ fún Ọlọ́hun, ṣùgbọ́n ẹ má tíì pe ara yín ní ọ̀gá. Òjò àkọ́rọ̀ ló lè jẹ́.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní àrísìkí tó mọ́, tó ní àlùbáríkà, kó sì fi ìtẹ́lọ́rùn sí ọkàn wa. Āmīn.